Ìka Tó Tọ́ Símú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀pá Ìkìbọn

Ṣàṣà ni ọdún ọba tàbí ìsìnkú àgbà ọdẹ ní ilẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ tí etí kì í gbọ́ ìró ìbọn. Èéfín àti ariwo ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára rẹ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ń kíyè sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tì bọ abẹ́ ìbọn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ìkìbọn yìí ni ó ń ti ẹ̀tù àti ọta dé ìdí ìbọn, òun ni ó ń gbé àkísà wọlé láti nu ipata àti èérí, òun náà ni ó sì ń fi hàn bóyá ìbọn ṣófo tàbí ó ní nǹkan nínú. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ìbọn àwọn baba wà pẹ́ ní àgbàlá ọba, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí ṣeré.

Ní ayé àtijọ́, igi tí a gbẹ́ tàbí irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni ọ̀pá náà, kò sì ní orí tí ó ṣeé tú. Lónìí, àwọn tí ń ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi orí idẹ bọ ọ̀pá, wọ́n sì ń gbẹ́ ìlọ́ sínú orí náà, ìyẹn àwọn ìlà tí ó yí po bíi ti bóòtù. Inú ìlọ́ yìí ni a ń de onírúurú ohun èlò mọ́: èyí tí ń di àkísà mú, èyí tí a lọ́ bí ìwo àgbò láti fi fa àkísà tí ó há jáde, àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ń lọ́ wọ inú ọta òjé láti fà á jáde nígbà tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún. Ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun lè ra gbogbo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé baba rẹ̀. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Oríṣi ìlọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀pá ìbọn àwọn ará Amẹ́ríkà: 8-32 àti 10-32. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí irin ṣe nípọn tó, èkejì ń sọ iye ìlà tí ó wà nínú íǹṣì kan. Irin 8-32 nípọn tó mìlímítà 4.17, ti 10-32 tó 4.83. Ní ilẹ̀ Benin àti Togo, òṣùwọ̀n mìlímítà ni ọjà ń lò, bóòtù M5 tí ó wà lára alùpùpù sì nípọn tó mìlímítà 5. Láti ìlà kan sí èkejì lára M5 jẹ́ mìlímítà 0.8; lára 10-32, ó jẹ́ 0.79. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá fi bóòtù M5 sínú ihò 10-32, yóò yí díẹ̀, yóò sì há. Ẹni tí ó bá fi agbára yí i yóò ba ìlọ́ idẹ jẹ́. Bí a bá fi 10-32 sínú ihò M5, yóò wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n kò dì í mú dáadáa. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi fa ọta tí ó há, yóò já, yóò sì kù sínú ìbọn. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú.

Orí idẹ fúnra rẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó. Àtè nìkan kò tó láti dì í mọ́ igi. Ó yẹ kí alágbẹ̀dẹ lu ihò la idẹ àti igi kọjá, kí ó ti ìṣó tín-ín-rín bọ̀ ọ́, kí ó sì fi ayùn irin rẹ́ ẹ dọ́gba. Igi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iṣan rẹ̀ gùn tààrà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí igi tí iṣan rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣẹ́ ní ṣóńṣó, kí ó sì gún ọwọ́ ẹni tí ń ki ìbọn.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba kò mọ ìlọ́, wọ́n sì jagun. Òótọ́ ni. Fún ìbọn ayẹyẹ tí a fi ẹ̀tù nìkan yìn, ọ̀pá lásán tó. Ṣùgbọ́n ìbọn àwọn baba tí ó ṣẹ́kù ti gbó. Òmíràn wà lára ògiri láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé ẹni tí ó gbé e kọ́ yìn ín tán. Ọ̀pá tí a fi ọ̀bẹ sàmì sí ni yóò sọ òtítọ́: bí ìbọn bá ṣófo, àmì náà yóò bá ẹnu ìbọn dọ́gba, bí ẹ̀tù àti ọta bá wà nínú rẹ̀, àmì yóò yọ sókè. Láti fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, orí tí ó dì mú ṣinṣin nìkan ni ó lè ṣe é.

Kétu kì í ṣe ìlú tí a ń kọ́ ní ohun tí ìbọn jẹ́. Ogun Dàhòmì tú ìlú náà ní 1886, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́rú, kí a tó tún un tẹ̀dó ní 1894. Ìbọn tí ń dún níwájú Alákétu lónìí ń sọ pé ìlú kò parẹ́. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ohun tí ń kéde ìyè bá pa ọmọ ìlú nítorí bóòtù kékeré.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olórí ọdẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹnu kò sí ìlọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ìbọn ayẹyẹ. M5 ni ó tọ́, nítorí òun ni alágbẹ̀dẹ Kétu, ti Ṣábẹ àti ti Àjàṣẹ́ lè rí rà lọ́jà, òun ni ó sì lè tún ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Kí ẹni tí ó bá ń ra nǹkan lókè òkun kọ́kọ́ béèrè ìlọ́ tí ilé ń lò. Kí a sì sàmì sí ọ̀pá ìbọn kọ̀ọ̀kan, kí a má sì yá ọ̀pá ìbọn kan fún òmíràn. Abẹ́rẹ́, bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.