Pàǹtírí Ilé Ìdáná Lè Di Iná Ìdáná

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ilé tí a ti ń dáná. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Rumuolumeni àti gbogbo àyíká Port Harcourt mọ̀ pé orí epo rọ̀bì ni ìpínlẹ̀ Rivers jókòó lé. Ọjọ́ pẹ́ tí iná gáàsì ti ń jó ṣòfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga epo, síbẹ̀ igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé fi ń se oúnjẹ. Ní ìparí ọdún 2016 ni èérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé aṣọ tí a sá sórí okùn; àwọn tí ń se epo rọ̀bì ní kọ̀rọ̀ sì wà lára àwọn tí ó fà á. Ẹni tí èéfín òde ti ń yọ lẹ́nu kò yẹ kí ó tún máa fa ti ilé ìdáná símú.

Bẹ́ẹ̀ ohun ìdáná kan wà tí a ń kó dà nù lójoojúmọ́: èèpo pákí, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àjẹkù oúnjẹ, èso tí ó ti rà, àti bọ́tọ̀ tí ó kún odò ẹran. Bí a bá kó wọn pẹ̀lú omi sínú táǹkì tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Wọn yóò kọ́kọ́ sọ wọ́n di ohun kíkan, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ ohun kíkan náà di gáàsì. Èyí ni à ń pè ní báyógáàsì. Ohun tí ń jó nínú rẹ̀ ni mẹ́tẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó máa ń tó ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù nínú táǹkì yóò di ajílẹ̀ fún oko. Ṣùgbọ́n bí pàǹtírí náà bá rà sórí ààtàn, mẹ́tẹ́ẹ̀nì kan náà ni yóò fò lọ sójú ọ̀run láti dá kún ooru ayé, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Kì í ṣe àlá

Ní Ìbàdàn, bí omi ẹ̀jẹ̀ àti bọ́tọ̀ ṣe ń ṣàn láti odò ẹran Bódìjà lọ sínú odò tí aráàlú ń lò ni ó mú kí onímọ̀ ẹ̀rọ Joseph Adelegan àti àwọn alájọṣe rẹ̀ pète láti sọ ìdọ̀tí náà di gáàsì. Wọ́n kàn sí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè Thailand fún ọgbọ́n iṣẹ́ náà, ìpète wọn sì gba ẹ̀bùn Seed ní ọdún 2005. Wọ́n ti kọ́ irú táǹkì bẹ́ẹ̀ rí sí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Zaria, àti sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Ní Rwanda, Kigali Institute of Science and Technology kọ́ ọ sí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ náà sì gba ẹ̀bùn Ashden nítorí rẹ̀ ní ọdún 2005 kan náà.

Ṣé ó mọ́ tàbí kò mọ́?

Ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá wa nìyí: ṣé a lè fi iná tí ó ti ara ìgbẹ́ jáde se oúnjẹ? Ní ọ̀nà Imaamu Maalik, èyí tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tọ̀, ìgbẹ́ ẹran tí jíjẹ rẹ̀ bá jẹ́ halaali kì í ṣe nájísì, bí ẹran náà kò bá ti jẹ nájísì. Ó wà nínú hadiisi tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ààyè sílẹ̀ láti kírun ní ibi tí wọ́n ń so àgùntàn mọ́. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà Shaafi'i ní èrò mìíràn lórí ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n gáàsì yàtọ̀ sí ìgbẹ́ tí a kó sínú táǹkì, gẹ́gẹ́ bí ọtí tí ó di fínígà fúnra rẹ̀ kì í ti í ṣe ọtí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn ní tirẹ̀ jẹ́ nájísì. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan án kí ó fọ ara àti aṣọ rẹ̀ kí ó tó kírun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Màlúù kan máa ń ṣu nǹkan bí kílò 10 lójúmọ́. Gáàsì tí yóò ti ara rẹ̀ jáde kò tó ìdajì mítà onígun mẹ́ta. Odidi mítà onígun mẹ́ta kan pàápàá kò ju nǹkan bí ìdajì kílò gáàsì inú sìlíńdà lọ. Ta ni ó ń sin màlúù mẹ́ta ní Rumuolumeni? Èèpo ìkòkò ọbẹ̀ ilé kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ àwùjọ ni: ilé ẹ̀kọ́ wa, mọ́sálásí wa, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àsàlátù, pẹ̀lú olóúnjẹ àti alápatà àdúgbò. Ọjọ́ Iléyá dára láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tí táǹkì nílò ti wà nínú ìdọ̀tí ṣàkì tí a máa ń fọ̀ dà sí gọ́tà.

Ẹ fi ìṣọ́ra ṣe é o. Òjò wa ní Port Harcourt ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún, omi sì sún mọ́ òkè ilẹ̀. Nítorí náà, táǹkì orí ilẹ̀ yẹ wá ju kòtò lọ. Kí ó wà ní gbangba, jìnnà sí kànga àti iná. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí ó kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, nítorí gáàsì inú rẹ̀ lè pani lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ sì jáde.

Ẹ̀yin alága àti ìyá àdínì, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé. Ẹ ka iye àpò pàǹtírí tí a ń kó dà nù láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì bá alápatà tí ó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀. Ìnáàkúnàá tí à ń sá fún kò mọ sí orí owó nìkan. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iná ìdáná wa, kí ó sì dá ẹ̀mí àwọn tí ń dá a sí. Wassalaam.