Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ṣáájú Orúkọ: Ẹ̀bẹ̀ láti Ìwó

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òṣogbo,

Ohun kan la fẹ́ bẹ̀ yín fún. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ gba tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tàbí tó bá fẹ́ pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣa fọ́ọ̀mù rí nọ́ńbà nìkan. Kí orúkọ wà nípamọ́ títí máàkì yóò fi jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí ọjà Odò-Òrí, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń bẹ ẹni tó ń bá a tẹ ìwé ìwáṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ Mulikat tán o. Ẹ fi M síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ Àyọ̀ká gbàǹgbà." Ó ní Kristẹni ló ni ibi tóun ń kọ̀wé sí. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e lórí ìlà ní òun náà ti yọ Emmanuel kúrò nínú tòun rí, nígbà tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ alhájì kan. Orúkọ tí gbogbo ẹbí péjọ ṣàdúrà sí lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n ń gé bí èékánná. Kò tíì sẹ́ni tó lé wọn, ẹ̀rù ẹni tí yóò ka orúkọ wọn ló ti ń bà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀, nínú agbolé kan náà n'Ìwó lẹ ó ti rí Lásísì àti Sámúẹ́lì, ọmọ bàbá kan. Ìlú àwọn àáfà ni, ibẹ̀ náà sì ni ìjọ Onítẹ̀bọmi dá Yunifásítì Bowen sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2002. Ẹ wo orúkọ Kábíyèsí Olúwòó wa, Ọba Abdulrasheed Adéwálé Àkànbí: ti Lárúbáwá, ti adé àti oríkì ló tò tẹ̀ léra wọn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá, tí iṣẹ́ wọn ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé èdè Yorùbá ló yẹ ká fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, Ifá sì ń bẹ nínú orúkọ ìdílé wọn. Ẹni tó bá ti orúkọ yẹn wò wọ́n, tó ní babaláwo ni, ti ṣì wọ́n mú. Ilé làwọn baba wa ń wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ la wá ń wò báyìí ká tó dá ọmọ lẹ́jọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Bertrand àti Mullainathan, gbé ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi nǹkan bí 5,000 ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago, àwọn kan lórúkọ bí Emily àti Greg tí aláwọ̀ funfun sábà ń jẹ́, àwọn kan bí Lakisha àti Jamal tí aláwọ̀ dúdú sábà ń jẹ́, láìjẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ kan dára ju ti èkejì lọ. Níbi tí àwọn Jamal ti rí ìpè méjì, àwọn Greg ń rí mẹ́ta. Lóṣù Kẹwàá 2015, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò máa yọ orúkọ kúrò lórí ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba.

Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ dun ọmọ ìlú nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè rí ọkàn ẹni tó jókòó ti òkìtì fọ́ọ̀mù. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ti yàn, nígbà tó gbé Sulaimọn sí ọ̀tún, tó gbé Solomon sí òsì.

Ẹ lè bèèrè pé báwo la ó ṣe pín iṣẹ́ náà kárí ìjọba ìbílẹ̀ 30. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìyẹn ò tú àṣírí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá kan ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí orúkọ jáde.

A bẹ̀ yín, ẹ fi ìgbanisíṣẹ́ tíṣà tó ń bọ̀ dán an wò. Bí ẹ bá sì ní ká wá ṣàlàyé ní Òṣogbo, ẹ ránṣẹ́, a ó wá.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,
Ọmọ Ìwó kan, lórúkọ àwọn òbí