Ẹ Yé Nàka sí Ìyá Ọmọ

Bí a bá bí ọmọ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní spina bifida, ìyá ọmọ ni ẹbí ọkọ máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Wọn a ní ó rìn lọ́sàn-án gangan. Irọ́ gbáà ni! Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún dúró ni ọ̀ràn náà ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Oògùn fólíìkì, tí ìwádìí ọdún 1991 fi hàn pé ó ń dènà púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣáájú oyún ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ta ni ó sọ fún un?

Ọkọ a gbọ́ ti ìyá rẹ̀, a kó jáde. Aya nìkan ni yóò máa fi rọ́bà fa ìtọ̀ ọmọ lọ́sàn-án lóru. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, àwa bẹ̀ yín, ẹ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ kan, kí ó rí oorun sùn.