Ẹ Má Fi Abílà Bo Àmì Ohùn Wa

Ìwé ìròyìn wa tí a tẹ̀ kẹ́yìn ní Agbassa níbí wọ aṣọ abílà: ìlà ọ̀rọ̀ kan lórí àwọ̀ eérú, èkejì lórí funfun, bẹ́ẹ̀ títí dé ojú ewé ìkẹyìn. Ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó dórí bébà, “Ọkọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ ti bàjẹ́” di “Ọkọ Ìyá Ẹgbẹ́ ti bàjẹ́”. Mọ́tò tí ń gbé wa ròde ni a ń wí o! Ìyá rẹ́rìn-ín, Bàbá kò rí i bí ẹ̀fẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ tí ó ń fi tàdáwà dúdú nìkan tẹ̀wé kò ní àwọ̀ eérú. Tótó wẹ́wẹ́ ni ó ń tò jọ láti fi tan ojú jẹ. Bí a bá tún ṣe fótókọ́pì rẹ̀, tótó wọ̀nyí á wú, wọn á sì gbé àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mì. Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà á. Yorùbá kò lè fara dà á, bẹ́ẹ̀ ni Urhobo àti Itsekiri tí a jọ ń gbé, tí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́ lè fi etí mọ ohun tí ojú kò rí. Àwa tí a dàgbà sí Warri, tí Pidgin ti gba ẹnu wa kí Yorùbá tó dé, àmì yẹn ni olùkọ́ wa.

A kò sọ pé abílà kò wúlò. Bébà gígùn aláwọ̀ ewé àti funfun tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń tẹ ìṣirò sí, iṣẹ́ gidi ni abílà rẹ̀ ń ṣe: kí ojú tí ó kúrò lára orúkọ lápá òsì má ṣìnà kí ó tó dé iye owó lápá ọ̀tún. Àròkọ kò ní irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é pàápàá dùn wá. Àpótí eérú ni wọ́n yà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi orúkọ kan ṣoṣo kún àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, orúkọ yòókù sún, àpótí dúró gbọin. Bẹ́ẹ̀ tábìlì InDesign ní Alternating Fills, ti Microsoft Word ní Banded Rows. Bí ìlà bá sún, àwọ̀ á tẹ̀lé e.

Ohun tí a ń bẹ olóòtú wa fún ni pé kí abílà mọ sí ojú ewé owó, kí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, kí a sì kọ́kọ́ tẹ ẹ̀dà kan fún ẹni tí kò bá wa kọ ọ́ láti kà sókè. Ọkọ̀ Ìyá ti padà sọ́nà. Ọkọ wọn náà ní kò burú.