Òkú Ìbọn Kì Í Ṣe Ẹrù Àfiránṣẹ́ Lásán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ní Ìlú Ọba máa rántí kí wọ́n tó di ìbọn tí kò lè yìn mọ́ sínú páálí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwáwí wọn kò ju ọ̀kan lọ: òkú ni ìbọn náà, irin lásán ni. Àwáwí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lóòótọ́, òfin ọdún 1988 sọ pé bí ilé ìdánwò ìbọn ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti Birmingham bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ìbọn kan, tí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀rí pé kò lè yìn mọ́, òfin yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú òfin yàtọ̀ sí ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹrù wò kò mọ ìwé kà. Àwòrán ìbọn ló ń rí. Ta ni yóò dá òṣìṣẹ́ tó bá ké sí ọlọ́pàá lẹ́bi? Ní ìlú Munich, lọ́dún 2016, ìbọn tí wọ́n ti sọ di ohun èlò eré ìtàgé rí, tí wọ́n tún jí dìde, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi pa ènìyàn 9.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà. Láti ọdún 2017, ìbọn tí wọ́n pa lọ́nà àtijọ́, tí kò bá ìlànà òde òní mu, kò ṣeé tà, kò sì ṣeé fi tọrẹ, bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí ẹrù náà bá sì forí lé Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí Ìlú Ọba kò gbà á sílẹ̀: lọ́hùn-ún, ara ìbọn tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání gan-an ni òfin ń pè ní ìbọn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń kọ “irin” tàbí “ohun ìṣeré” sára páálí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi: ìlànà tí kò yé ènìyàn ni ó ń bí irọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí olùrà lọ gba ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ olùtà fúnra rẹ̀, tàbí kí ó gbà á lọ́wọ́ oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ. Bí fífi ránṣẹ́ bá di dandan, kí olùtà kọ́kọ́ gba àṣẹ akẹ́rù ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sọ ohun tó wà nínú ẹrù láìfi bò, kí ìwé ẹ̀rí sì bá ìbọn rìn. Ohun ìrántí ogun ni ìbọn wọ̀nyí; kò yẹ kí wọ́n tún dá ìjayà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.