Ta Ló Ń Dá Ẹgbẹ́ Olórin Dúró Sójú Kan? Àwa Ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò sọ ọ́ rí nínú wa pé, "Olórin yìí ti bàjẹ́, àwo rẹ̀ àtijọ́ ló dùn"? Bí olórin náà bá wá kọ̀ tí kò yí padà, àwa yìí kan náà la ó tún ní, "Nǹkan kan náà ló ń kọ ṣáá." Èwo ni kó wá ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí, bí àbùdá ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran ni mò ń kọ́. Èrò mi lónìí rèé: bí ẹgbẹ́ olórin kan bá dúró sójú kan, ká tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ká kọ́kọ́ wo àwa tí à ń gbọ́ wọn.

Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí. Gìtá ló ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Òkú ṣíṣe, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá dé Ọ̀rà, wọ́n ń lọ. Àmọ́ rọ́ọ̀kì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní àwo BLO kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n, Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu ni BLO. Inú orúkọ wọn ni wọ́n ti fa B, L àti O yọ. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde lọ́dún 1973, gìtá ibẹ̀ ń ké burúkú. Nígbà tí Bulky Backside fi máa jáde lọ́dún 1980, wọ́n ti rọra kúrò nídìí rọ́ọ̀kì bọ́ sí fọ́ńkì àti dísíkò.

Níbi òkú kan ní nǹkan bí ọdún 1985, Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ rọ́ọ̀kì kún jùjú. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń jó dúró, olówó tó ti ń lẹ náírà mọ́ ọ̀gá wọn níwájú orí sì padà lọ jókòó. Ẹnì kan ké láti abẹ́ àtíbàbà pé, "Ẹ kọ èyí tá a mọ̀!" Wọ́n padà sí tàtijọ́. Bọ̀ọ̀dá ò dán an wò mọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Owó ọkọ̀ tá a máa wọ̀ délé wà lápò wọn."

Ẹ wá gbọ́ ìwádìí kan tí Robert MacCallum, Armand Leroi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 2012. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá àwọn ègé orin kéékèèké, ariwo lásán ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn bí 7,000 ń gbọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fún wọn ní máàkì. Èyí tó bá gba máàkì á "bímọ", kọ̀ǹpútà á po àbùdá òbí méjì pọ̀. Èyí tí kò bá gbà á kú. Ó ju ìran 2,500 lọ tí wọ́n fi ṣe é. Kò sí akọrin kankan níbẹ̀ o, síbẹ̀ ariwo yẹn di orin! Ìbẹ̀rẹ̀ yá kánkán, àmọ́ nígbà tó yá, ìtẹ̀síwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Kì í ṣe pé àwọn olùgbọ́ ò yàn mọ́. Bí orin ṣe ń díjú ni ó túbọ̀ ń ṣòro kí adùn tó wà lára òbí dé ara ọmọ láìfọ́.

Lójú tèmi, bó ṣe ń rí fún ẹgbẹ́ tó ti ṣe àwo mẹ́wàá nìyẹn. Gbogbo nǹkan ti so kọ́ra. Ẹ fa okùn kan, gbogbo ẹ̀ á mì. Lọ́dún 1982, Island Records gbé Juju Music ti King Sunny Ade jáde fún àwọn òkè òkun. Orin kúkúrú ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nílé, ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dá. Lọ́dún 1984, wọ́n ṣe Aura, Stevie Wonder pàápàá bá wọn fọn hamóníkà. Kò tà tó bí wọ́n ṣe retí, Island sì fi í sílẹ̀. Àmọ́ Sunny ò bá a lọ, torí ó ní olùgbọ́ nílé tó lè padà sí. Bọ̀ọ̀dá ò ní ibòmíì ju abẹ́ àtíbàbà yẹn lọ.

Ṣé ìyípadà ò wá lè dé mọ́ ni? Ó ń dé, àmọ́ ó sábà máa ń fò ni. Lọ́dún 2015, Leroi àtàwọn míì yẹ orin bí 17,000 tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà wò, láti ọdún 1960 dé 2010. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyípadà ńlá ṣẹlẹ̀: 1964, 1983 àti 1991. Nílé tiwa, ọmọ ẹgbẹ́ ló sábà máa ń fò ju ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Wasiu Ayinde tó ń gbé irinṣẹ́ fún Barrister ló wá dá Talazo sílẹ̀. Lọ́dún 1989, Ace ti Shina Peters dé, jùjú tó ń sáré, gbogbo ìlú gbóná. Ta ló wà nídìí iṣẹ́ náà ní sítúdíò? Laolu, onílù BLO!

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni.

Òótọ́ ni pé olórin kì í ṣe kòkòrò. Àbùdá ò mọ ibi tó ń lọ, olórin mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kó ní ìgboyà tirẹ̀. Àmọ́ ìgboyà kì í san owó ọkọ̀. Torí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: níbi ayẹyẹ tẹ́ ẹ bá tún lọ, tí wọ́n bá ta ohun tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ má tètè jókòó. Ẹ fún wọn ní orin kan péré, kẹ́ ẹ sì náwó fún un. Gìtá Bọ̀ọ̀dá ṣì wà lára ògiri, okùn mẹ́ta ló kù lórí ẹ̀. Mo ti ra ìyókù.