Omi Lè Dànù, Kí Agbè Má Fọ̀ọ́: Ẹ Yé Sọ Ikú Ìyá Di Ìrúbọ

Òwe kan dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì wa ní sáà yìí. Òwe náà ni: "Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n." Kí olùkọ́ wa tó ṣàlàyé dé ìdajì, apá kan kíláàsì ti pariwo lé e lórí. Wọ́n ní òwe onímọtara-ẹni-nìkan ni. Wọ́n ní kò sí ojúlówó abiyamọ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìyá rere ni ẹni tó bá lè kú kí ọmọ rẹ̀ lè yè. Ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Àwa kò pàtẹ́wọ́. A ṣèlérí lọ́jọ́ náà pé a ó fèsì. Èsì wa rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí a kò sọ kúrò lọ́nà. A ò sọ pé ìyá tó sáré wọ ilé tó ń jó láti gbé ọmọ rẹ̀ jáde hùwà òmùgọ̀. Àgbébọ̀ adìyẹ kì í wo bí èékánná àṣá ṣe mú tó kó tó na ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó kúnlẹ̀ fún un, a ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ohun tí a ń bá jà ni kí a sọ ẹ̀bùn di gbèsè. Ẹni tó fínnú-fíndọ̀ fi ẹ̀mí rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí àwa tí a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ní dandan ni, a kì í ṣe ẹni tó ń yìn ín mọ́. A ti di ẹni tó ń tì í.

Àpẹẹrẹ tí àwọn alátakò wa fà yọ ni ti Gianna Beretta Molla. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ni obìnrin náà, ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ní ọdún 1961, nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹrin, wọ́n rí ìju nínú ilé-ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè yọ ilé-ọmọ náà kúrò, kí oyún bá a lọ, kí ara tirẹ̀ sì yá. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n gé ìju nìkan. Ó bí ọmọ náà, obìnrin, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1962. Ó kú ní ọjọ́ keje, ní ẹni ọdún 39. Ní ọdún 2004, Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọn kò sọ ní kíláàsì. Obìnrin yìí jẹ́ oníṣègùn, ó mọ ohun tó ń kọjú sí. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìpinnu náà, kì í ṣe ẹnu ìyá ọkọ. Ìjọ Àgùdà tó sọ ọ́ di ẹni mímọ́ gan-an kò kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ì bá jẹ́ bí ó bá gbà kí wọ́n yọ ilé-ọmọ náà láti fi gba ara rẹ̀ là. Ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un náà nìyẹn: ó lè ṣe òmíràn, kò ṣe é. Ẹ wá bi ara yín: mélòó nínú àwọn ìyá tí a ń kí pé wọ́n "kú nítorí ọmọ" nílẹ̀ wa ni ẹnikẹ́ni bi léèrè?

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí ló ní ká sọ ìtàn tirẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ọjọ́ ìrántí ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé, "Ìyá rẹ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ rà ọ́ ni o, má ṣe já a kulẹ̀." Bó bá gbẹ̀yìn ní kíláàsì, wọ́n á rán an létí. Bó bá hùwà ọmọdé, wọ́n á rán an létí. Ìgbà tó wọ yunifásítì ló tó rójú bi àbúrò ìyá rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Àǹtí rẹ̀ sunkún títí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ kò fẹ́ kú o. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun."

Àárọ̀ ni dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Àwọn ará ilé ní rárá, pé bí obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí. Wọ́n tún ní kí wọ́n dúró de ọkọ tó rìnrìn àjò, kó wá fọwọ́ sí ìwé. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ jáde láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá, wọn ò sì rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára. Ṣé ìrúbọ nìyí? Obìnrin yẹn kò fi ẹ̀mí rẹ̀ rúbọ. Wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ tàfàlà, wọ́n wá sọ ẹ̀bi náà di ẹrù, wọ́n gbé e lé ọmọ jòjòló lórí.

Ẹ jẹ́ ká dá dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin Hébérù yìí, nítorí àdúrà tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa ni. Ẹ ṣí ìwé Ẹ́kísódù orí kìíní, ẹsẹ 19. Àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Fáráò nígbà tó bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi pa àwọn ọmọkùnrin. Èsì tí wọ́n fi yọ ara wọn lọ́wọ́ ọba ìkà ni. Èsì àwọn tó ń dá ẹ̀mí sí la wá sọ di ìdí tí a fi ń jẹ́ kí ẹ̀mí bọ́.

Àwọn akẹgbẹ́ wa ní àṣà Yorùbá ló ní kí ìyá kú fún ọmọ. Èdè Yorùbá la ń kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ ká bi èdè náà. Kí là ń ṣe ládùúrà fún aboyún? "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ohùn méjì ni. Bí ọmọ bá wá kú tí ìyá yè, kí la fi ń tù ú nínú? "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò kórìíra ọmọ. Ta ló tún fẹ́ràn ọmọ ju Yorùbá lọ? Wọ́n kàn mọ̀ pé agbè ni a fi ń padà lọ sódò. Òwe iná náà kò yàtọ̀: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti jóná, ọwọ́ wo ni yóò fi gbọ̀n tọmọ rẹ̀?

Ìwádìí gbe òwe náà lẹ́yìn. Ní Matlab, ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2010. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn wà láàyè, nǹkan bí 89 ló ń pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nínú 100 tí ìyá wọn kú, nǹkan bí 24 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ìyá kú kí ọmọ lè yè, ta ni yóò tọ́ ọmọ náà? Ta ni yóò tọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dúró nílé?

Nílé tiwa, ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún 2020 ni pé nǹkan bí 82,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, ẹ̀jẹ̀ ríru, àkóràn, ìrọbí tó pẹ́ jù: ohun tí oníṣègùn mọ ọ̀nà rẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ oyè "abiyamọ tòótọ́" tí a ń fún òkú ni kò jẹ́ ká bínú. Bí a bá pè é ní ìrúbọ, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè ìdí tí kò fi sí ẹ̀jẹ̀, tí kò fi sí iná, tí kò fi sí dókítà.

Ẹ sì ṣàkíyèsí ẹni tí a ń yàn fún ikú. A ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní baba tí kò tíì kú kì í ṣe baba rere. Bó bá san owó iléèwé, ó ti tó. Bí wọ́n bá ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, àwọn kan á máa wá ọ̀nà àbáyọ. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ṣòro fún baba, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wá di ọ̀ranyàn fún ìyá.

Wọ́n á ní, "Ṣé inú yín ò dùn pé àwọn ìyá yín jìyà nítorí yín?" Inú wa dùn pé wọ́n wà láàyè. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́fẹ̀ẹ́ lè dúpẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi ikú rà kò lè san án tán láé. Ẹ bi ọ̀rẹ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń ṣe ìyàwó, tí ẹ ti ń ṣe ọkọ, tí ẹ ti di nọ́ọ̀sì, pásítọ̀ àti ààfáà, ọ̀dọ̀ yín la fi ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ bi aboyún léèrè ohun tó fẹ́ kí ìrọbí tó dé, kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹ má ṣe dá ìpàdé ẹbí sílẹ̀. Bí ìyá bá sì kú, ẹ sunkún, ẹ bínú, ẹ bèèrè ohun tó pa á. Ẹ má kàn pè é ní ìrúbọ kí ẹ wá pín ìrẹsì.

Ohùn méjì làwọn baba wa tọrọ. Àwa náà kò ní gba ẹyọ kan.